Ìjàpá 1600 tí kò dìde: àkọsílẹ̀ ìṣíná àkọ́kọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú tí wọ́n tún tò ní Òṣogbo

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Volkswagen Ìjàpá ọdún 1974. Ẹ́ńjìnnì 1600 ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kábúrẹ́tọ̀ 34 PICT-3 tó ń po pẹtiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, dísítíríbútọ̀ Bosch 009 tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì, dáínámò tó ń fi iná sí bátìrì, bátìrì 12 volt. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Òkè-Fìà ló gbé e sí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, tí eku sì ti sọ ibẹ̀ di ilé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dáwó jọ pé kí wọ́n bá bàbá jí i padà. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ríwáyà náà ti ṣe tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló kù, wọ́n sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní agbègbè Olúodé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sínú ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe iṣẹ́ oréfèé. Wọ́n fá kíránkì, ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìnì ń yí, ní 0.25 mm, wọ́n sì fi bíárìn tó bá a mu sí i. Káámù tuntun (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tuntun (àwọn tó ń gbé ìtì káámù lọ sí fáàfù), písítìnì àti sílíńdà 85.5 mm tuntun, fáàfù èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun. Ààyè tí kíránkì fi ń sún síwá sẹ́yìn jẹ́ 0.10 mm, àárín 0.07 sí 0.13 ló yẹ kó wà. Nọ́ọ̀tì ńlá tó di fíláwíìlì mú gbọ́dọ̀ gba 35 mkg (agbára ìyí, kílò lọ́nà mítà), bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀kì sípánà tó lè ka iye yẹn ò wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Páìpù ni wọ́n fi ṣe é: ẹni tó wọn kílò 70 tó bá gbé gbogbo ara lé páìpù ní ìdajì mítà sí nọ́ọ̀tì, 35 mkg náà nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ò lẹ́bi rárá. Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, nígbà tí ara ti ń wá ilé, ni àléébù fara pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ ìṣíná, wọ́n da ọ́ìlì 2.5 lítà sí i, wọ́n so bátìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítátà yí i. Nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Iná pupa ọ́ìlì tó wà lójú mítà kò kú. Ẹ́ńjìnnì ń ṣe bí ẹni fẹ́ gbà, kò sì gbà. Kábúrẹ́tọ̀ ń sín, iná sì yọ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sáyìlẹ́ńsà lẹ́yìn ń yìnbọn. Agbára bátìrì tán, wọ́n yá òmíràn lára táksí tó wà nítòsí. "Ọ̀gá, ó ti fẹ́ gbà o, ẹ jẹ́ ká tì í!" ni ọmọ iṣẹ́ ń wí. Bàbá tó lọ́kọ̀ ló dá wọn dúró: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló gba ẹ́ńjìnnì là, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Káámù àti tápẹ́ẹ̀tì Ìjàpá ń fi ojú pẹlẹbẹ ha ara wọn. Kí àwọn ojú tuntun wọ̀nyí tó mọ ara wọn, òróró nínípọn tí wọ́n fi pa wọ́n nígbà títò nìkan ló ń dáàbò bò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí sítátà bá yí ẹ́ńjìnnì, ó ń nu díẹ̀ kúrò nínú òróró náà, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, torí ọ́ìlì tó ń ta sí káámù lára kíránkì kì í tó nǹkan títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa sáré bíi 2000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí yí ẹ́ńjìnnì tuntun, tó wá rí i pé ó gbà níkẹyìn, lè ti jẹ orí káámù kan tán kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Títì ọkọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrù ọkọ̀ odindi á wà lórí bíárìn tí ọ́ìlì kò tíì dé. Sítátà kọ́ la fi ń wá àléébù. Kí gbogbo nǹkan ti pé, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, á gbà.

Wọ́n wá tún un bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì ṣáájú, iná pulọ́ọ̀gì tẹ̀ lé e, pẹtiróòlù kẹ́yìn.

Iná pupa

Iná pupa lè purọ́, nítorí náà òun ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n yọ wáyà orí swíìṣì ọ́ìlì, èyí tó wà lára ilé ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí dísítíríbútọ̀: iná kú. Wọ́n fi ẹnu wáyà náà kan irin: iná tàn. Gílóòbù àti wáyà ò lẹ́ṣẹ̀. Wọ́n tú swíìṣì náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi gééjì alábẹ́rẹ́ sójú ihò rẹ̀. Ó yẹ kéèyàn rọra níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ihò yẹn jẹ́ M10 × 1 tó ń tínrín lọ sínú, ilé ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ màgníṣíọ̀mù. Ẹni tó bá fi agbára dì í á là á.

Wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láìsí ìfúnpọ̀ nínú sílíńdà: sítátà á yára, ẹrù orí bíárìn á sì fúyẹ́. Wọ́n yí i ní ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n jẹ́ kí sítátà tutù, wọ́n tún yí i. Abẹ́rẹ́ gééjì ò mira. Òótọ́ ni iná pupa ń sọ.

Pọ́ńpù ọ́ìlì wà lábẹ́ púlì kíránkì. Wọ́n yọ púlì, wọ́n yọ páánù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ìdérí pọ́ńpù sì bọ́. Eyín méjèèjì inú rẹ̀ gbẹ, ọ́ìlì ò kan wọ́n rí. Gáàsìkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ìdérí náà ló fà á: páálí ni, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ní àwọ̀ pupa tí wọ́n fi kọ orúkọ bisikíìtì sára rẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ́ gé e dáadáa, ihò rẹ̀ bára mu, èèyàn ò lè fojú lásán bá a wí.

Wọ́n gbé rúlà irin dá ẹnu pọ́ńpù, wọ́n sì ki fílà gééjì sáàárín rúlà àti eyín: 0.06 mm. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí 0.1 mm ni òpin. Wọ́n wọn páálí náà: 0.5 mm. Ẹ pa á pọ̀, 0.56 mm ni àlàfo láàárín eyín àti ìdérí, ó ju ìlọ́po márùn-ún òpin lọ. Pọ́ńpù eléyín kì í ní rọ́bà tàbí fáàfù tó ń di nǹkan mú. Ìsúnmọ́ra irin sí irin nìkan ló fi ń fa. Bí àlàfo bá ti fẹ̀, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tì lọ síwájú á kàn gba ojú eyín padà sẹ́yìn, ọ́ìlì á sì wà nísàlẹ̀ níbi tó wà. Bí ọ́ìlì bá tiẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè gbà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kó wá jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná tí ọ́ìlì sì ti ṣàn. Páálí dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan lára ọkọ̀ àtijọ́, a ò bá ẹni tó ń lò ó jà, ṣùgbọ́n ibí yìí kọ́. Gáàsìkẹ́ẹ̀tì gidi, tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, wà nínú ọ̀rá gáàsìkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní Ládípọ̀. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ jáde, nítorí ó kéré, ó sì há mọ́ àárín àwọn ńlá.

Wọ́n fi Vaseline kún gbogbo àárín eyín pọ́ńpù dẹ́múdẹ́mú. Kì í ṣe gírísì: Vaseline á yọ́ nínú ọ́ìlì gbígbóná, gírísì lè lọ dí ihò tóóró. Wọ́n fi gáàsìkẹ́ẹ̀tì gidi sí i, wọ́n di nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2 mkg, díẹ̀díẹ̀, ní ìdojúkọra. Pulọ́ọ̀gì ṣì wà níta. Kí ìṣẹ́jú àáyá 15 kejì tó pé, abẹ́rẹ́ gééjì fò lọ sí 20 psi (ìwọ̀n agbára ìfúnpá). Wọ́n tún yí i díẹ̀ sí i kí ọ́ìlì lè dé orí ráká, apá tó ń tẹ fáàfù, wọ́n ṣí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì rí i tó ń sun jáde.

Bí abẹ́rẹ́ kò bá gòkè lẹ́yìn èyí, ibi tó kàn ni písítìnì kékeré tó ń tú ẹ̀kún agbára ọ́ìlì sílẹ̀. Láti ẹ́ńjìnnì ọdún 1970 síwájú, méjì ni wọ́n, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì níhà òsì: ọ̀kan lápá púlì, ọ̀kan lápá fíláwíìlì. Síkúrù ńlá ló bò wọ́n. Písítìnì náà gbọ́dọ̀ lè fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan yọ̀ jáde. Bí ìdọ̀tí bá há a sókè, gbogbo ọ́ìlì á máa dà padà sísàlẹ̀. Sípíríǹgì tó gùn jù ni ti apá púlì, ẹni tó bá pààrọ̀ wọn á kàn máa wá ohun tí kò sọnù. Ti ọkọ̀ yìí wà bó ṣe yẹ.

Sínsín kábúrẹ́tọ̀

Ní báyìí tí ọ́ìlì ti dé, ó tọ́ láti bi kábúrẹ́tọ̀ léèrè ìdí tó fi ń sín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á di dísítíríbútọ̀ mú, wọ́n á máa yí i sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹlòmíràn ń tẹ sítátà. Irú èyí lè gbà nígbà mìíràn, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Wọ́n kọ́kọ́ wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ṣí ẹnu kábúrẹ́tọ̀ gbàgà: 110 sí 118 psi, ó dára fún ẹ́ńjìnnì tí ríìngì rẹ̀ kò tíì jókòó. Fáàfù àti písítìnì ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Wọ́n fa wáyà àárín dísítíríbútọ̀ yọ, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin ní nǹkan bíi 6 mm, iná aláwọ̀ búlúù sì ń fò. Kọ́ìlì àti kọ́ńdẹ́ńsà náà bọ́. Wọ́n wá to pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bébà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jáde. 1 àti 2 gbẹ, èéfín dúdú sì ti kun ẹnu wọn. 3 àti 4 tutù rin-in pẹ̀lú pẹtiróòlù.

Ẹ̀rí yìí nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán. Lára Ìjàpá, fún ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú, ọwọ́ ọ̀tún ni sílíńdà 1 àti 2, ọwọ́ òsì ni 3 àti 4. 1 àti 3 ló sún mọ́ gíá bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń jó, ẹ̀gbẹ́ òsì ń mu pẹtiróòlù lásán.

Wọ́n fi sípánà 30 mm yí púlì lọ sápá ọ̀tún títí àmì rẹ̀ fi bá ìlà tó pín ilé ẹ́ńjìnnì sí méjì mu. Fáàfù méjèèjì sílíńdà 1 ń mì, èyí fi hàn pé òkè ìfúnpọ̀ ni písítìnì wà, kì í ṣe òkè èéfín. Rótọ̀, apá tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀, dojú kọ àmì tí wọ́n fá sí etí dísítíríbútọ̀, ojú sílíńdà 1 gan-an nìyẹn. Ọ̀pá tó ń yí dísítíríbútọ̀ jókòó sí ipò tó tọ́. Ó wá ku wáyà. Wọ́n ka wáyà láti orí 1, ní ọ̀nà tí rótọ̀ ń gbà yí, bí ọwọ́ aago: 1, 3, 4, 2.

Ètò Peugeot 504 nìyẹn, ètò Corolla náà ni, ètò Datsun sì ni. Ọwọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to wáyà sórí àwọn wọ̀nyẹn á to ti Ìjàpá bẹ́ẹ̀ láìrò ó. Ti Ìjàpá ni 1, 4, 3, 2.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe kan ṣoṣo yìí ń ṣe. Sílíńdà 1 àti 2 wà ní ipò wọn, wọ́n sì ń gba iná lásìkò. Ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó lọ sí 4 ń lọ sí 3. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an písítìnì 3 wà ní ìsàlẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù kún inú ni, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kò tíì pa dé. Iná bá ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí, ó jó padà gba inú mánífóòdù jáde sẹ́nu kábúrẹ́tọ̀: sínsín náà nìyẹn. Ní ìdajì yíyí lẹ́yìn rẹ̀, iná tó jẹ́ ti 3 ń lọ sí 4, níbi tí pẹtiróòlù tí kò jó ti kún inú sílíńdà tí fáàfù èéfín sì ti ń ṣí. Ó jó lọ sínú sáyìlẹ́ńsà: ìbọn náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe bí ẹni fẹ́ gbà. Sílíńdà méjì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, méjì tó kù ń bá wọn jà.

Wọ́n pààrọ̀ wáyà 3 àti 4. Wọ́n nu pulọ́ọ̀gì, wọ́n gbé wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ, ẹnu wọn jẹ́ 0.7 mm. Kí wọ́n tó dé e padà, wọ́n to àsìkò iná láìṣíná. Kọ́ńtáàtì ṣí ní 0.4 mm lórí góńgó káámù dísítíríbútọ̀, wọ́n sì fi gírísì díẹ̀ bí orí ìṣáná sí ibi tí igi rẹ̀ ti ń ha, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jẹ tán, àlàfo á dí. Wọ́n yí púlì sí 7.5 dígírì ṣáájú òkè. Gílóòbù 12 volt kan, wáyà rẹ̀ kan sí orí 1 kọ́ìlì, èkejì sí irin ara ọkọ̀. Wọ́n tan swíìṣì, wọ́n tú dísítíríbútọ̀, wọ́n yí i lọ bí ọwọ́ aago títí gílóòbù fi kú, wọ́n wá rọra yí i padà. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn ni kọ́ńtáàtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n dì í mọ́.

Pẹtiróòlù ò gba àkókò. Pọ́ńpù rẹ̀ ń tu dáadáa sínú ike. Ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 108 mm, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì oní-dáínámò mu (ti oní-alternator jẹ́ 100 mm, wọn kì í gba ara wọn). Ọ̀pá rọ́bà pẹtiróòlù ni wọ́n pààrọ̀ odindi, wọ́n sì fi kílíìpù di gbogbo ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ yẹ ká dá dúró lé. Kábúrẹ́tọ̀ tó ń sín lè ran iná mọ́ pẹtiróòlù tó kán sílẹ̀, ẹ̀yìn Ìjàpá ni ẹ́ńjìnnì sì wà, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kì í tètè rí i. Ẹ má ṣe yọ ilé fíltà afẹ́fẹ́ nígbà ìṣíná, òun ló ń gbé iná yẹn mì. Ohun tí a fi ń pa iná, irú èyí tó ń tú ìyẹ̀fun jáde, ló yẹ kó wà nítòsí, tàbí iyanrìn gbígbẹ tó pọ̀. Bí ilé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá ti ń jó, omi kọ́ o: màgníṣíọ̀mù tó ń jó tí omi kàn á túbọ̀ bú jáde ni. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni wọ́n ti gbé kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì lọ kó iyanrìn.

Ogún ìṣẹ́jú

Ẹ́ńjìnnì gbà lójú ẹsẹ̀, kí sítátà tó yí i tán lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò jẹ́ kó sinmi: wọ́n gbé e lọ sí 2000 sí 2500 yíyí, wọ́n ń gbé e sókè sódò láàárín méjèèjì, kí ọ́ìlì lè máa ta káàkiri ara káámù. Ogún ìṣẹ́jú ni èyí gbọ́dọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú ń ṣọ́ ni iná méjì. Iná ọ́ìlì, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Iná dáínámò ni àwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ béélíìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò àti fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí iná dáínámò bá tàn, béélíìtì ti já. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá, torí kò ní omi tó máa dá a dúró fún yín.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹjọ, òórùn ọ́ìlì gbígbóná gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ki tẹmómítà sí ihò dípísítíìkì: 118°C, nígbà tí ọkọ̀ ò tíì rìn síbì kankan. Wọ́n pa á.

Ẹnìkan mú kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń rú, ó gbé e sétí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé ara ọkọ̀. Èéfín náà ò ròkè bó ṣe máa ń ròkè. Ó wọ́ lọ sínú láti ìsàlẹ̀, gẹ́rẹ́, lẹ́yìn púlì. Kí ìṣẹ́jú kan tó kọjá gbogbo wọn ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Páánù tí wọ́n yọ lẹ́yìn púlì nígbà tí wọ́n ń tú pọ́ńpù ṣì wà lórí tábìlì. Rọ́bà tó yí etí páánù ẹ́ńjìnnì ká náà sì ti jẹrà tipẹ́, kò sẹ́ni tó rà á. Ohun tí páánù àti rọ́bà wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọ́n pín ẹ̀yìn ọkọ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀. Òkè ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, ìsàlẹ̀ ni sáyìlẹ́ńsà àti afẹ́fẹ́ tó ti gba ara sílíńdà wà. Bí àlà yẹn bá ti lu, fáànù á máa fa ooru tirẹ̀ padà, á sì máa fi fẹ́ ara rẹ̀. Ní ìlú olóoru bíi tiwa, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló kú ikú yìí, tí àwọn èèyàn sì ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tí kò lómi ò lè gba oòrùn wa. Irọ́ ni. Ẹ bi wọ́n pé rọ́bà ẹ̀yìn ńkọ́.

Wọ́n dá páánù padà, wọ́n fi rọ́bà tuntun yí i ká, wọ́n sì parí ìyókù ogún ìṣẹ́jú náà. Ọ́ìlì dúró sí 98°C. Gééjì fi 38 psi hàn ní 2500 yíyí. 28 ni ó kéré jù tí ó yẹ kó jẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kó sinmi ní 850 yíyí, ó kú. Wọ́n tún un sítáàtì, ó tún kú. Ríwáyà kò tíì so wáyà fáàfù kékeré oníná tó wà lára kábúrẹ́tọ̀ 34 PICT-3, èyí tó ń ṣí ọ̀nà pẹtiróòlù fún ìsinmi. Orí 15 kọ́ìlì ni iná rẹ̀ ti ń wá. Bí swíìṣì bá tàn, ó gbọ́dọ̀ ró kéń. Bí kò bá ró, kò sí síkúrù tí ẹ yí tó máa mú ẹ́ńjìnnì sinmi. Wọ́n so ó, ó parí. Ó ṣì ń fà sẹ́yìn díẹ̀ bí èèyàn bá tẹ ìtẹ̀ lójijì. Ìwà 009 pẹ̀lú kábúrẹ́tọ̀ yìí nìyẹn, torí kò ní apá tí fífà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì fi ń mú àsìkò iná ṣáájú. Dísítíríbútọ̀ àtilẹ̀bá ọkọ̀ náà dára jù ú lọ, bí èèyàn bá lè rí i.

Ọ́ìlì ń kán ní ìdí páìpù méjì tí ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, níhà òsì. Wọn ò fà wọ́n gùn kí wọ́n tó wọ̀ wọ́n: 190 sí 191 mm ló yẹ kí ó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì tó ká, kí hẹ́ẹ̀dì lè fún wọn mọ́ rọ́bà wọn. Láti tún un ṣe, hẹ́ẹ̀dì á bọ́ sílẹ̀. Bàbá ní òun á fara da ìkán díẹ̀ títí wọ́n á fi padà wá fún àyẹ̀wò 500 kìlómítà.

Lẹ́yìn ìṣíná

Wọ́n da ọ́ìlì ogún ìṣẹ́jú náà nù nígbà tó ṣì gbóná. Ìjàpá yìí ò ní fíltà ọ́ìlì, asẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ní, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló sì dì í mú. 0.7 mkg ni wọ́n ń gbà, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ẹni tó bá fi sípánà gígùn tẹ̀ wọ́n á fa ẹsẹ̀ wọn yọ. Lójú asẹ́, wọ́n rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú tó rọ̀ láàárín ìka, ohun tí káámù tuntun máa ń jọ̀wọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ èérún irin tó ń dán tàbí tó ní àwọ̀ bàbà, wọn ì bá tú ẹ́ńjìnnì padà lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, wọ́n wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì. 0.15 mm ni fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni láti bẹ̀rẹ̀ lórí 1, kí èèyàn yí púlì padà sẹ́yìn ní ìdajì yíyí: 2 á kàn, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 4, tó bá tẹ̀ lé ara wọn láìṣe ìṣirò. Ìwọ̀n yìí ló máa sọ bóyá gbogbo yíyí ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ba káámù jẹ́. Bí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì kan bá ń fẹ̀ sí i, orí káámù tirẹ̀ ló ń jẹ. Bí ó bá ń dín, fáàfù ló ń wọlé sórí ìjókòó rẹ̀. Méje wà láàárín 0.15 àti 0.16. Fáàfù èéfín sílíńdà 3 ti dín sí 0.10; wọ́n dá a padà sí 0.15.

Bàbá gbé e lọ sí Ìkìrun àti padà, láìsáré ju kìlómítà 70 lọ ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó ń fi lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì títí 500 kìlómítà fi pé. Wọ́n tún da ọ́ìlì nù, wọ́n bọ́ hẹ́ẹ̀dì òsì, wọ́n fa páìpù méjèèjì gùn sí 190.5, wọ́n sì di nọ́ọ̀tì hẹ́ẹ̀dì padà ní 2.5 mkg, torí ọ̀pá 8 mm ni ti ilé ẹ́ńjìnnì yìí. Kí wọ́n tó bọ́ ọ, wọ́n ti wọn tápẹ́ẹ̀tì: kò sí èyí tó fẹ̀. Èéfín 3 ti tún dín sí 0.13, ìdínkù yìí kéré sí ti àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé kí wọ́n tún un wọ̀n ní 1000.